Oògùn Inú Agolo

Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni gbólóhùn kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyá mi ló sọ ọ́, wọn ò sì fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ ni wọ́n ń já lọ́wọ́. Mo ní, "Mọ́mì, ojoojúmọ́ ni mò ń pè yín láti Èkó, tí mò ń bi yín pé ṣé ẹ ti lo oògùn. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló dé tẹ́ ò sọ òótọ́ fún mi?" Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n já ewé bíi mẹ́ta sí i sínú abọ́ kí wọ́n tó fèsì.

"Àbẹ̀kẹ́, ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè. Rẹ́jísítà lò ń pè."

Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì rí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Olùkọ́ tó ń pe rẹ́jísítà kò fẹ́ mọ̀ bóyá ebi ń pa ọmọ, bóyá ọmọ sùn lóru. Ohùn ló fẹ́ gbọ́, kó lè fi bírò fa igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, kó sì kọjá sí ẹni tó kàn. Èmi náà ti ń fa igi láti oṣù mẹ́sàn-án. Mo tilẹ̀ ń fi yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé mò ń tọ́jú ìyá mi.

Agolo bisikíìtì

Bọ́tìnnì ló já lára búláósì mi. Ọjọ́ Ẹtì ni, mo wá sí Abẹ́òkúta fún òde ọjọ́ kejì, mo sì ń wá abẹ́rẹ́ àti òwú. Gbogbo wa la mọ agolo tí wọ́n máa ń wà nínú rẹ̀: èyí tó rí roboto, aláwọ̀ búlúù, tí ọmọdé á ṣí pẹ̀lú ìrètí bisikíìtì, tí yóò bá ọ̀já ìwọnṣọ níbẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti fà á yọ. Nígbà tí mo ṣí i, kò sí òwú níbẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló kún inú rẹ̀, káàdì lórí káàdì. Wọ́n fi rọ́bà so ti oṣù kọ̀ọ̀kan pọ̀, wọ́n ki bébà pélébé kan sábẹ́ rọ́bà náà, wọ́n kọ orúkọ oṣù sí i, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń to ìwé àwọn oníbàárà tó jẹ wọ́n lówó aṣọ ní Ìtòkú. Oṣù mẹ́sàn-án géérégé. Kò sí èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn nínú wọn, àfi káàdì kan tí ẹyọ kan ti kúrò lára rẹ̀. Mo máa padà sórí ẹyọ yẹn.

Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní ń gbé. Èyí tí mo rí yìí, owó la fi rà á, owó mi, síbẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló fi ṣe ibùgbé.

Mo jókòó sílẹ̀, mo mú káàdì ọsibítù wọn, mo sì kà á. Ara mi bù máṣọ. Gbogbo oṣù ni ìyá mi lọ. Wọn ò pa ẹyọ ọjọ́ kan jẹ. Gbogbo oṣù ni wọ́n wọn ìfúnpá wọn, gbogbo oṣù ló sì ga. Ní oṣù kẹfà, dókítà gbé amlodipine wọn kúrò ní mílígíráàmù 5 sí 10 nítorí pé, lójú tirẹ̀, 5 kò ká a. Ẹ gbọ́ ná: wọ́n ń fi oògùn kún oògùn fún ẹni tí kò gbé ẹyọ kan mì. Bí ẹnikẹ́ni bá ka káàdì yẹn, á sọ pé aláìsàn rere ni ìyá yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì

Ṣáájú oṣù mẹ́sàn-án inú agolo yẹn, wọ́n kọ́kọ́ lo oògùn náà fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n lò ó dáadáa. Lóṣù kejì ni ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà wọ́n mọ́. Tí wọ́n bá fi àtàǹpàkò tẹ kókósẹ̀, ibẹ̀ á jìn bí ẹ̀bà tí a fọwọ́ tẹ̀, kò ní tètè padà. Wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ń kọ̀wé lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà máa lo oògùn yín."

Nígbà tí wọ́n padà lọ lóṣù kẹta, oògùn yí àwọ̀ padà. Ti tẹ́lẹ̀ funfun, ó kéré. Èyí tóbi jù ú lọ díẹ̀, ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí inú ẹyin. Inú ìyá mi dùn. Wọ́n rò pé wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ ẹsẹ̀ àwọn ni, pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ohun tó jọ ọ́. Oògùn kan náà ni, ilé iṣẹ́ míì ló ṣe é. Ẹsẹ̀ ń wú lọ. Nígbà tó tún di oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìde níwájú gbogbo èrò tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n béèrè pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí lẹ fi rọ́pò tàkọ́kọ́ ni?"

Nọ́ọ̀sì náà ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ìyá mi sọ fún mi pé ẹni tó rẹ́rìn-ín jù ni ìyá tó jókòó tì wọ́n, tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà wú.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ṣe àyẹ̀wò tiwọn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Bí aláró bá gbé aṣọ wá, wọ́n á fi omi rẹ àkísà funfun, wọ́n á fi pa etí aṣọ náà, wọ́n á sì wo ohun tó bá a wá. Wọ́n já ẹyọ oògùn kan, wọ́n fi itọ́ sí i, wọ́n fi pa ìdí yẹ̀rì wọn. Àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ náà jáde. Wọ́n dé agolo.

Mo mọ̀ pé àwọ̀ ara oògùn máa ń ṣí bí omi bá kàn án, pé ìyẹn kò sọ ọ́ di ayédèrú. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò wo la fún ìyá mi tí wọ́n lè ṣe? Wọ́n ti fẹnu béèrè, a fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìfura tó nídìí

Àwa tá a kàwé díẹ̀ fẹ́ràn láti máa pe irú ìwà yìí ní àìmọ̀kan. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rí agolo. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò gbàgbé, ìyẹn ló ń dà wọ́n láàmú. Ní ìparí ọdún 2008, oògùn eyín ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọmọ ọwọ́ kiri Nàìjíríà. Àwọn 84 ló kú. Kẹ́míkà tí wọ́n fi pò ó, diethylene glycol, irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò nínú omi bíréèkì mọ́tò. Kídìnrín ọmọ kò lè kojú rẹ̀. Àwọn ìyá tó fún ọmọ wọn ní síbí kan lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tó ṣègbọràn ni wọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n ra oògùn ní kẹ́mísì, wọ́n rà á ní kẹ́mísì.

Ẹ sì rántí ìdí tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi fẹ́ràn Dora Akunyili nígbà tó jẹ́ ọ̀gá NAFDAC láti 2001. Kì í ṣe pé ó gbọ́ Yorùbá. Insulin ayédèrú ló pa àbúrò rẹ̀ obìnrin ní 1988, ó sì máa ń sọ ọ́ ní gbangba. Àwọn èèyàn rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ń dùn ún. Wọ́n yìnbọn sí mọ́tò rẹ̀ ní 2003, ọta kan ya gèlè rẹ̀. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí okùn, á sá. A ò lè máa bú ẹni tó sá nígbà tó jẹ́ pé àwa la tú ejò sílẹ̀.

Yàrá dókítà

Mo gbé wọn lọ sí ọsibítù míì. Kí n má parọ́, bí ọlọ́pàá ni mo ṣe lọ. Mo gbé agolo náà sínú báàgì mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí dókítà bá ti béèrè, màá gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, kí ojú tì wọ́n díẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́n.

Dókítà náà kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì tó ti mu tán wà lórí tábìlì rẹ̀. Síbẹ̀ ó dìde, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ìjókòó," nítorí a ti pẹ́ níta. Ó ka káàdì. Ó wo ẹsẹ̀ ìyá mi, kì í ṣe ojú wọn. Ó ní, "Mọ́mì, oògùn yìí kò mú ẹsẹ̀ yín wú rí?"

Ìyá mi dákẹ́.

Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò retí èsì. Ó ní oògùn dáadáa ni, ó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ẹsẹ̀ wú fún àwọn kan, pàápàá àwọn obìnrin, àti pé bó bá ti di mílígíráàmù 10, ó máa ń burú sí i. Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ ìyá tèmi gan-an wú. Wọ́n bínú sọ ọ́ sínú kòtò ẹ̀yìnkùlé. Èmi tí mo jẹ́ dókítà ni mo kọ ọ́ fún wọn o."

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Èmi ò sọ tèmi nù. Ó wà nínú agolo." Wọ́n nawọ́ sí itan mi. "Ó wà nínú báàgì ọmọ yìí."

Wọ́n ti mọ̀ láti ilé pé mo gbé e dání.

Nígbà tí mo fi ń gbé agolo náà sórí tábìlì, ọ̀rọ̀ ti ń tú jáde lẹ́nu wọn: ti àgbo tí ẹlẹ́wé ọmọ kan ń po fún wọn ní Láfẹnwá, iye ife tí wọ́n ń mu, ti orí tó ń fọ́ wọn láàárọ̀ tí wọn kò sọ fún mi rí. Dókítà ń kọ ọ́. Kò pariwo àgbo lé wọn lórí. Ó béèrè ewé tó wà nínú rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ìgò náà wá nígbà míì. Ó pààrọ̀ oògùn, ó ní, "Bí èyí náà bá ṣe yín ní ohun tẹ́ ò fẹ́, ẹ má gbé e pa mọ́. Ẹ gbé e wá, ká jọ bínú sí i."

Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ohun tí èmi ọmọ bíbí inú wọn kò gbọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, àlejò gbọ́ ọ láàárín ogún ìṣẹ́jú.

Nínú takisí tó gbé wa padà, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi sọ fún un. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn mọ ọjà tà."

Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó yé mi. Bí ìyá mi ṣe ń ta ọjà nìyẹn. Oníbàárà á mú aṣọ kan, wọ́n á ní, "Má mú ìyẹn, á ṣí." Owó ọjọ́ yẹn á lọ, ṣùgbọ́n ẹni yẹn á máa padà wá títí ayé. Ẹni tó bá sọ àbùkù ọjà ara rẹ̀ fún ọ kí o tó sanwó, o lè gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ní ọsibítù àkọ́kọ́, oògùn kò ní àbùkù kankan. Ìyá mi ló ní.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀: ìgbọràn àti ìfọkàntán. Ìgbọràn ni ìyá mi fi ń lọ sí ọsibítù lóṣooṣù, tí wọ́n ń gba oògùn, tí wọ́n ń sọ pé "ẹ ṣé, dókítà." Ilẹ̀ Yorùbá la ti tọ́ wọn; wọ́n mọ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ fún ẹni tí ọkàn wa kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa ń rí ìkúnlẹ̀ yẹn, wọ́n sì ń kà á sí ìfọkàntán.

Iyọ̀ ní aago mẹ́ta òru

Kí n tó máa dá nọ́ọ̀sì lẹ́jọ́ jù, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 2014, fóònù mi dún ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru. Ìyá mi ni. "Dìde, fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó o sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ebola." Mo ti jáde yunifásítì nígbà náà. Mo mọ̀ pé iyọ̀ kò kan Ebola. Mo dìde, mo bu iyọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì wẹ̀. Ìròyìn jáde lẹ́yìn náà pé èèyàn méjì ti kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Kí ló dé tí mo fi wẹ̀ ẹ́? Torí ẹni tó pè mí ni. Oorun ìyá mi ló bá ọ̀rọ̀ yẹn lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ìjọba lè gbé àwòrán tó dára jù lọ sára ògiri, kò lè bá ìpè ìyá ní aago mẹ́ta òru dù ú.

Síbẹ̀ ọdún 2014 yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣe ohun tí mo ṣì ń fi ṣe ìyanu. Patrick Sawyer, ọkùnrin kan tó wá láti Làìbéríà, gbé àrùn náà wọ Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù Keje. Dókítà Ameyo Adadevoh, tó ń tọ́jú rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀ pé Sawyer kò ní kúrò ní ọsibítù, bó ti wù kí wọ́n fúngun mọ́ òun tó. Àrùn náà pa obìnrin náà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ogún èèyàn ló mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. A máa ń yin Adadevoh, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ ti àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn. Nǹkan bí 900 èèyàn ni wọ́n ń ṣọ́ nítorí pé wọ́n ti fara kan aláìsàn. Ìbẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí wọn tó 18,500. Ẹ pín in: bí ogún ìgbà lójú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn rẹ nígbà ogún láti wọn ìgbóná ara rẹ, bó o kórìíra ìjọba bí ìgbẹ́, wàá ti mọ ohùn rẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ Aro

Ní Abẹ́òkúta, bí èèyàn bá ń hùwà tí kò yé wa, a ó ní "ó ti yẹ kí wọ́n gbé e lọ sí Aro." Ibẹ̀ ni ọsibítù àwọn tí orí wọn dàrú wà, èébú sì ni. Àwa ọmọ ìlú náà là ń bú ara wa pẹ̀lú ohun tó yẹ ká máa fi yangàn.

Ní 1954, Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, kò gba pé inú ọgbà àti ẹ̀yìn géètì nìkan ni a ti lè wo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó bá àwọn abúlé tó yí Aro ká sọ̀rọ̀. Àwọn ará abúlé gba aláìsàn sílé, wọ́n ń gba owó yàrá. Aláìsàn kò ní dá wá. Ìbátan rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, kí wọ́n sì padà sí abúlé lálẹ́. Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra. Nígbà tó yá, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ohun tó ń wú mi lórí nínú rẹ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ fọkàn tán ẹnì kejì. A máa ń sọ pé kí aráàlú gbẹ́kẹ̀ lé ọsibítù. Ní Aro, ọsibítù ló kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé aráàlú. Ó fa aláìsàn rẹ̀ lé àgbẹ̀ lọ́wọ́, àgbẹ̀ tí kò mọ̀ọ́kọ, tí kò mọ̀ọ́kà. Dókítà ọ̀dọ́ yẹn náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi. Ó bi wọ́n léèrè ẹsẹ̀ wọn bí ẹni tó gbà pé wọ́n mọ ẹsẹ̀ ara wọn.

Ibi tí a dé

Ìfúnpá wọn ti ń wálẹ̀, kò tíì dé ibi tó yẹ kó dé. Wọn kì í lo oògùn tuntun náà láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú nítorí pé ó ń mú wọn tọ̀, ìsìn wọn sì máa ń gùn. Wọ́n sọ fún dókítà fúnra wọn. Ó ní kí wọ́n lò ó bí wọ́n bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlẹ́wé ọmọ ṣì wà. Ìgò àgbo ti bá wọn dé yàrá dókítà lẹ́ẹ̀kan. Ní tèmi, mo ti dá rẹ́jísítà dúró, ó kéré tán mò ń gbìyànjú. Bí mo bá pè, mo máa ń béèrè ọjà. Àwọn fúnra wọn ló ń mú ọ̀rọ̀ oògùn wá.

Lọ́jọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, wọ́n ra oògùn ibà kan tí wọ́n fẹ́ fi pa mọ́ sílé. Ibi tí a máa ń họ wà lára páálí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dán an wò. Wọ́n fi èékánná họ ọ́ fínnífínní bí ẹni tó ń họ káàdì owó fóònù láyé àtijọ́, mo tẹ nọ́ńbà tó jáde ránṣẹ́ sí 38353, kò pẹ́ tí èsì wọlé pé ojúlówó ni. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n gba fóònù, wọ́n nà án síwájú kí ojú wọn lè ríran, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Mọ́mì."

"Kọ̀ǹpútà wo? Níbo ló wà?"

Mi ò ní èsì. Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n ki oògùn náà sínú pọ́ọ̀sì wọn. Wọ́n ní àwọn á fi han ọmọ yẹn ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.